Ọjọ́ Tí Àwọn Ọmọdé Gba Ìgboro Oslo

Aago mẹ́fà àárọ̀ ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá nígbà tí ọmọ mi obìnrin gbé fèrè rẹ̀ jáde nílé. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni. Ó wà nínú ẹgbẹ́ afunfèrè ilé ìwé wọn, àwọn ló sì máa ń jí àdúgbò wa ní Sagene lójú oorun ní gbogbo ọjọ́ 17 oṣù Karùn-ún, tí í ṣe ọjọ́ orílẹ̀-èdè Nọ́wè. Ilẹ̀ ti mọ́ tipẹ́, nítorí pé nínú oṣù yìí, nǹkan bí aago mẹ́rin ààbọ̀ ni oòrùn ń yọ ní Oslo. Ṣùgbọ́n òtútù ṣì mú. Mo fi kóòtù lé e léjìká, ó bọ́ ọ padà fún mi lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní àwọn afunfèrè kì í da kóòtù bo aṣọ ẹgbẹ́.

Àwọn àlejò mi ṣì ń sùn: Ìyá Ìbejì, tó jẹ́ àbúrò mi ní ilé ìwé àwọn nọ́ọ̀sì n'Íbàdàn, ọkọ rẹ̀, àti Táíwò òun Kẹ́hìndé, ọmọkùnrin méjèèjì, ọmọ ọdún mẹ́jọ. Peckham, ní London, ni wọ́n ń gbé. Alẹ́ àná ni wọ́n wọlé. Èmi ni mo ní kí wọ́n fi ti Kérésì sílẹ̀, kí wọ́n wá lásìkò yìí, nítorí pé bí ènìyàn bá fẹ́ mọ ìlú tí mo ń gbé, ọjọ́ tí ó yẹ kó wá nìyí.

Aago méje ku díẹ̀, fèrè dé abẹ́ fèrèsé wa. Wọ́n tó ọgbọ̀n ọmọ, àwọn ńlá níwájú, àwọn kéékèèké lẹ́yìn. Ìlù tí ọ̀kan nínú wọn gbé kọ́rùn fẹ́rẹ̀ẹ́ bò ó mọ́lẹ̀. Bàbá Ìbejì jáde sí bákónì pẹ̀lú aṣọ ìbora léjìká.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé ajísààrì wà níbí náà ni?"

Mushin ló dàgbà sí. Ó rántí àwọn ọ̀dọ́ tó máa ń lu agogo àti ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ kiri àdúgbò lóru ààwẹ̀, kí àwọn Mùsùlùmí lè dìde jẹ sààrì. Inú eré wéré yẹn ni fújì ti jáde. Mo ní ó jọ ọ́, àmọ́ àwọn tiwa ń jí ènìyàn kó lè gbààwẹ̀, àwọn yìí ń jí ènìyàn kó lè jẹun. Oúnjẹ àárọ̀ ọjọ́ yìí kì í ṣe kékeré ní Nọ́wè: búrẹ́dì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ààrò, ẹyin, ẹja sámọ́nì, kéèkì tí wọ́n to èso pupa sí lórí. Mo fi mọ́ínmọ́ín kún ti ilé wa.

Lẹ́yìn èyí ló kan aṣọ. Bunad ni tọkùnrin tobìnrin ń wọ̀ lọ́jọ́ náà, aṣọ tí wọ́n fi irun àgùntàn hun, tí wọ́n fi ọwọ́ kó ọnà sí lára, pẹ̀lú fàdákà tó ń dán láyà. Owó rẹ̀ lè ju ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgbọ̀n kroner lọ. Ó ju irínwó oríṣi lọ, agbègbè kọ̀ọ̀kan ló sì ní tirẹ̀, tó fi jẹ́ pé ẹni tó mọ̀ ọ́n wò á mọ ibi tí ìdílé ẹni ti ṣẹ̀ wá, bí àwọn baba wa ṣe ń fi ilà ojú mọ ọmọ Ọ̀yọ́ yàtọ̀ sí ọmọ Oǹdó. Ìyá Ìbejì ti ro tirẹ̀ láti Peckham. Àsíá Nọ́wè pupa, ó funfun, ó ní búlúù. Àlàárì ló wé ní gèlè, léèsì funfun ni bùbá àti ìró, ẹtù ló gbé léjìká ní ìborùn. Kò sí àwọ̀ kan tí a ní láti yá lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ní aago mẹ́jọ gééré, àsíá gòkè. Wọn kì í fi aago àsíá ṣeré. Láti oṣù Kẹta títí di oṣù Kẹwàá, aago mẹ́jọ àárọ̀ ni wọ́n ń fà á sókè, bó bá sì di aago mẹ́sàn-án alẹ́, tàbí tí oòrùn bá ti wọ̀ ṣáájú ìyẹn, ó gbọ́dọ̀ sọ̀kalẹ̀. Bàbá tó dàgbà jù nínú àwọn ayálégbé ilé wa, tó ti wa tírámù rí, ló fa okùn. A kọ orin orílẹ̀-èdè wọn. Bjørnstjerne Bjørnson ló kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀, mọ̀lẹ́bí rẹ̀, Rikard Nordraak, ló fi ohùn sí i, ọjọ́ 17 oṣù Karùn-ún ọdún 1864 ni wọ́n sì kọ́kọ́ kọ ọ́ ní gbangba, nílùú Eidsvoll. Gbogbo ènìyàn yí sí ara wọn, wọ́n ń sọ pé "Gratulerer med dagen". Ìyá Ìbejì bi mí ohun tó túmọ̀ sí.

"Ẹ kú ọdún ni."

"Ẹ kú ọdún náà ni wọ́n ń sọ?" Ó bẹ̀rẹ̀ sí kí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ìkúnlẹ̀ díẹ̀. Ẹ̀rín gba ojú wọn.

A fẹsẹ̀ rìn lọ sí àárín ìlú. Lójú ọ̀nà ni mo ti sọ ìtàn ọjọ́ náà fún àwọn ìbejì. Ohun tó lé ní irínwó ọdún ni Nọ́wè fi wà pẹ̀lú Dẹ́nmáàkì lábẹ́ ọba kan náà. Nínú oṣù Kìíní ọdún 1814, nígbà ogun Napoleon, ọba Dẹ́nmáàkì wà lápá ibi tí wọ́n ti ń pàdánù, wọ́n sì mú kó fa Nọ́wè lé ọba Súwídìn lọ́wọ́. Kò sẹ́ni tó bi àwọn ará Nọ́wè léèrè. Ni àwọn ọkùnrin 112 bá péjọ sí Eidsvoll, wọ́n kọ ìwé òfin tiwọn, wọ́n sì parí rẹ̀ ní 17 oṣù Karùn-ún. Súwídìn ṣì kó wọn sábẹ́ lọ́dún yẹn náà, ó di 1905 kí wọ́n tó dá dúró pátápátá, ṣùgbọ́n ìwé òfin náà kò kú.

Táíwò ronú díẹ̀. "Àǹtí, ṣé àwọn ọmọdé wà níbẹ̀?"

Mo ní kò sí ọmọdé kankan níbẹ̀.

"Kí ló dé tí ó fi wá jẹ́ ọjọ́ àwọn ọmọdé?"

Inú mi dùn sí ìbéèrè yẹn, nítorí pé ìdáhùn rẹ̀ wà lọ́nà. Ó kọjá aago mẹ́jọ ààbọ̀ díẹ̀ nígbà tí a yà sí Vår Frelsers gravlund, ibi tí wọ́n sin àwọn ẹni ńlá Nọ́wè sí. Lójú ibojì Bjørnson, òkúta tí wọ́n gbẹ́ bí àsíá ló tẹ́ lé e lórí. Òun àti ọ̀gá ilé ìwé kan tó ń jẹ́ Peter Qvam ló kó àwọn ọmọ ilé ìwé jáde ní ìgboro yìí ní 17 oṣù Karùn-ún ọdún 1870, èyí tí í ṣe máàṣì àkọ́kọ́ tí àwọn ọmọdé ṣe ní olú-ìlú. Ọmọkùnrin nìkan ni gbogbo wọn. Ọdún mọ́kàndínlógún kọjá, ó di 1889, kí wọ́n tó jẹ́ kí àwọn ọmọbìnrin wọ inú ìlà.

Ṣùgbọ́n ibojì tí mo fẹ́ kí wọ́n rí gan-an ni ti Henrik Wergeland, akéwì tí ọ̀pọ̀ ń pè ní bàbá ọjọ́ yìí. Ìwé òfin ọdún 1814 tí gbogbo ìlú ń jó fún ní àbùkù ńlá kan: ó ní Júù kankan kò gbọdọ̀ wọ Nọ́wè. Wergeland bá ìlà yẹn jà títí ẹ̀mí fi bọ́ lẹ́nu rẹ̀ lọ́dún 1845, nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́tàdínlógójì. Ọdún 1851 ni wọ́n yọ ọ́ kúrò. Títí dòní, àwọn ọ̀dọ́ Júù ń wá gbé òdòdó sí ojú ibojì rẹ̀ láàárọ̀ 17 oṣù Karùn-ún. Ẹni tó fẹ́ràn ilẹ̀ rẹ̀, tó sì sọ fún un pé ibí yìí ni ó ti ṣìṣe: èmi kò mọ ìfẹ́ ìlú tó ga jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Aago mẹ́wàá. Ojú pópó Karl Johan kún dẹ́múdẹ́mú. A rí ààyè dúró sí ní iwájú Yunifásítì, a gbé ìbejì kọ̀ọ̀kan sórí òkúta. Lẹ́yìn náà ni a gbọ́ ìlù àkọ́kọ́.

Ilé ìwé tó lé ní ọgọ́rùn-ún ló ń kọjá, ilé ìwé kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ọ̀págun tirẹ̀ níwájú, ọmọ kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú àsíá pélébé lọ́wọ́. Wọn kì í gbẹ́sẹ̀ bíi ṣójà. Èyí ló kọ́kọ́ ya Bàbá Ìbejì lẹ́nu. Òun náà máàṣì ní 27 oṣù Karùn-ún, ọjọ́ àwọn ọmọdé ní Nàìjíríà, nígbà tó wà ní pírámárì: ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n fi kọ́ wọn ní "lẹ́fútì, ráìtì", tíṣà mú pàṣán lọ́wọ́, wọ́n sì dúró nínú oòrùn títí àwọn ẹni ńlá fi dé. Níbí, àwọn ọmọ ń ju ọwọ́ síbi tó wù wọ́n. Wọ́n ń pe ìyá wọn láti àárín ìlà, wọ́n ń pariwo "hurra" títí ohùn fi há. Ọmọkùnrin kan jókòó sílẹ̀ láàárín ọ̀nà láti so okùn bàtà rẹ̀, gbogbo kíláàsì sì dúró dè é.

Ìyá arúgbó kan tó wọ bunad dúdú ti ń wo Ìyá Ìbejì fún ìgbà díẹ̀. Nígbà tó yá, ó fọwọ́ kan ìborùn ẹtù náà, ó sì béèrè ohun tí wọ́n máa ń bi ara wọn lọ́jọ́ yẹn: níbo ni bunad yín ti wá? Mo túmọ̀ rẹ̀. Ìyá Ìbejì gbé orí sókè.

"Ìṣẹ́yìn."

Màmá náà tún un pè lẹ́ẹ̀mejì kí ó lè dá a lẹ́nu. Ó bi í ẹni tó hun ún. Ìyá Ìbejì ní ọkùnrin ló ń hun irú èyí, lórí òfì, fọ́nrán tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́, kí wọ́n tó rán an pọ̀. Àwọn méjèèjì dúró níbẹ̀ tí wọ́n ń yẹ etí aṣọ ara wọn wò, ilé ìwé mẹ́ta gba iwájú wọn kọjá tí wọn kò rí i.

Kí n má tan ẹnikẹ́ni jẹ: kì í ṣe ìgbà gbogbo ni wọ́n gba irú wa sójú pópó yìí pẹ̀lú ẹ̀rín. Lọ́dún 1983, wọ́n halẹ̀ bọ́ǹbù mọ́ ilé ìwé Sagene ní àdúgbò wa, nítorí pé ọmọ àwọn tó wá láti ilẹ̀ òkèèrè pọ̀ níbẹ̀. Àwọn ọmọ náà ṣì jáde. Lọ́dún 1999, Rubina Rana, tí wọ́n bí ní Pakistan, ni alága ìgbìmọ̀ tó ń ṣètò ọjọ́ náà ní Oslo. Òun ni ẹni àkọ́kọ́ láti inú àwọn tó ṣí wá sí Nọ́wè tó dé ipò yẹn. Wọ́n ní àwọn yóò pa á. Ó wọṣọ, ó bọ́ síwájú, ó sì ṣáájú àwọn ọmọ lọ sí ààfin. Bí mo bá ti ń wo ojú pópó yẹn, òun ni mo máa ń rántí. Àwọn ọmọbìnrin ọdún 1889, àwọn ọmọ Sagene, obìnrin yìí: ẹsẹ̀ tiwọn ni wọ́n fi gba ọ̀nà náà fún ọmọ mi.

Aago mọ́kànlá kọjá nígbà tí fèrè tí mo mọ̀ dún. Mo rí i. Ètè rẹ̀ ti pupa, gíláàsì ojú rẹ̀ ti yọ̀ dé imú, kò sì yíjú sí wa, nítorí pé wọ́n ti sọ fún un pé afunfèrè kì í yíjú. Mo pariwo oríkì rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó rẹ́rìn-ín, ohùn kan sì ṣì jáde nínú fèrè náà. Ẹkún gbá mi lọ́rùn.

Kẹ́hìndé ló sunkún ní tòótọ́. Ó fẹ́ wọ inú ìlà. Mo ṣàlàyé pé ilé ìwé ló ń máàṣì, kò sì sí nínú ilé ìwé kankan níbí. Kò gbà. Ó fò sílẹ̀ lórí òkúta, ó dúró létí okùn, omi ń dà lójú rẹ̀. Ọmọbìnrin kékeré kan tó ń kọjá wò ó, ó yà kúrò nínú ìlà, ó fi àsíá tirẹ̀ lé e lọ́wọ́, ó sì sáré padà sí ipò rẹ̀. Mi ò mọ orúkọ ọmọ náà. Àsíá yẹn wà ní Peckham títí di bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí.

Ní ọ̀sán gangan, a ti bá èrò gòkè dé iwájú ààfin. Ọba Harald Karùn-ún, tí wọ́n bí lọ́dún 1937, tó sì gorí ìtẹ́ lọ́dún 1991, wà ní bákónì pẹ̀lú àwọn ẹbí rẹ̀. Ó ń ṣí fìlà sí àwọn ọmọ tó ń kọjá nísàlẹ̀. Kò sí ọkọ̀ ogun kankan nínú gbogbo ohun tí a rí. Àwọn ẹ̀ṣọ́ ọba nìkan ni ṣójà tó wà níbẹ̀, tàwọn ti ìlù àti fèrè wọn, láàárín àwọn ọmọ ilé ìwé. Bàbá Ìbejì dákẹ́ pẹ́. Nígbà tó sọ̀rọ̀, ohun tó sọ ni pé, "Ẹ̀gbọ́n, nígbà tiwa, àwa la lọ kí gómìnà. Ọba yìí ló ń kí àwọn ọmọ." Mi ò ní ohun tí mo lè fi kún un.

Ọ̀sán yẹn sáré. Aago kan ààbọ̀, a padà sí Sagene, sínú ọgbà ilé ìwé ọmọ mi, níbi tí ẹnikẹ́ni ti lè ṣeré. Eré sísá nínú àpò, bí a ṣe ń ṣe é gan-an n'Íbàdàn. Eré gbígbé ọ̀dùnkún lórí ṣíbí, tó jẹ́ ọsàn wẹ́wẹ́ ni àwa ń lò. Kò sẹ́ni tó bi àwọn ìbejì léèrè ilé ìwé wọn. Táíwò ṣubú lẹ́ẹ̀mẹta nínú àpò, ó ṣì gba ẹ̀bùn, nítorí pé gbogbo ọmọ tó bá sáré ló ń gbà á. Áísíkirìmù mẹ́rin ni Kẹ́hìndé lá. Ní ọjọ́ yìí, kò sí òbí tó ń ka áísíkirìmù ọmọ. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń parí ilé ìwé gíga sìkọ́ńdìrì ń kọjá nínú ṣòkòtò pupa àti fìlà pupa wọn, wọ́n ń ha káàdì tí wọ́n ya àwòrán ara wọn sí fún àwọn ọmọdé. Àwọn ìbejì gba mẹ́tàlélógún.

Aago mẹ́rin, a tẹ́ aṣọ sórí koríko ní ọgbà ìtura Torshov. Sọ́sééjì ni gbogbo ayé ń yan. Bàbá Ìbejì gbé yájì tí wọ́n rà ní Peckham jáde. Ó ti rẹ́ ẹran sí pẹ́lẹ́pẹ́lẹ́ láti àná, ó fi igi gún un, ó ro òróró àti yájì sí i lára. Àdògán kékeré oníbébà tí mo rà kọ̀, kò gbaná, òjò winniwinni sì bẹ̀rẹ̀. Tọkọtaya tó jókòó nítòsí wa fi ọ̀pá múná tiwọn kó ẹyín iná wá bá wa, wọn kò dúró kí a bẹ àwọn. Nígbà tí òórùn súyà gbéra, wọ́n padà wá, àwọn ọmọ wọn tẹ̀ lé wọn. A pín in. Ọkùnrin náà jẹ ẹyọ kan, ojú rẹ̀ pọ́n, ó mu omi, ó sì na ọwọ́ sí òmíràn. Ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù tó wà nínú kúlà tán kí n tó bu tèmi.

Lẹ́yìn aago mẹ́fà, òjò ti dá, oòrùn sì ṣì ga. Mo sọ fún wọn nípa orúkọ ojú pópó tí a dúró sí láàárọ̀. Karl Johan ni ọba Súwídìn àti Nọ́wè tí kò fẹ́ gbọ́ nípa ọjọ́ yìí rárá. Ní 17 oṣù Karùn-ún ọdún 1829, wọ́n fi ẹṣin àti ṣójà tú àwọn ènìyàn ká ní ọjà àárín ìlú, nítorí pé wọ́n péjọ. Òun ni wọ́n fi sọ ojú pópó náà lórúkọ, ère rẹ̀ lórí ẹṣin ló sì wà níwájú ààfin. Lọ́dọọdún ni àwọn ọmọdé ń gba ojú pópó tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ kọjá, tí wọ́n ń pariwo ayọ̀ lábẹ́ ẹṣin rẹ̀.

Ìyá Ìbejì ti tú gèlè. Ó bi mí pé, "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé láti ìgbà tí ẹ ti dé ni ẹ ti ń jáde báyìí?"

Rárá. Ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́ ni mo fi tilẹ̀kùn mọ́rí. Tí mo bá wà lẹ́nu iṣẹ́, mo dúpẹ́. Mo rò pé ọdún àwọn ẹlòmíràn ni, mo ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹwàá tèmi. Ní ọdún kẹta, mo ń tọ́jú ìyá àgbàlagbà kan nílé ìwòsàn ní àárọ̀ 17 oṣù Karùn-ún. Ọmọdé ni lọ́dún 1940 tí Jámánì gba ilẹ̀ wọn. Wọ́n fòfin de ọdún yìí, wọ́n fòfin de wíwọ àwọ̀ àsíá. Ní 8 oṣù Karùn-ún ọdún 1945 ni ilẹ̀ náà bọ́, ọjọ́ kẹsàn-án lẹ́yìn rẹ̀ ni 17. Ó ní ní àárọ̀ ọjọ́ yẹn, bàbá rẹ̀ gbé àsíá jáde lábẹ́ pákó ilẹ̀ ilé, ó ti ń rùn, wọ́n sì gbé e bẹ́ẹ̀. Ó wá bi mí ẹni tí mo ń bá ṣọdún. Mo ní kò kàn mí. Ó dì mí lọ́wọ́ mú. Ó ní, "Wọ́n dí ọ̀nà mọ́ wa fún ọdún márùn-ún. Ìwọ tí ẹnikẹ́ni kò dí ọ̀nà mọ́, kí lo ń ṣe nínú ilé?"

Ìyá Ìbejì kò sọ̀rọ̀. Ó tún gèlè rẹ̀ wé.

Aago mẹ́sàn-án ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá, a ti padà sí ọgbà ilé wa. Bàbá tó fa àsíá sókè láàárọ̀ pe àwọn ìbejì pé kí wọ́n wá ran òun lọ́wọ́. Ó kọ́ wọn pé etí àsíá kò gbọdọ̀ kan ilẹ̀. Táíwò fa okùn, Kẹ́hìndé na apá méjèèjì gbà á, ọmọ mi fun fèrè, ohùn mélòó kan péré, nítorí pé ètè rẹ̀ kò lè ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ mọ́. Oòrùn ò tíì wọ̀.

Ẹ̀yin èèyàn wa tí ẹ wà ní Oslo, ní Bergen, ní Stavanger, tí ẹ sì ń tilẹ̀kùn lọ́jọ́ yẹn bí èmi náà ṣe tì í: 17 oṣù Karùn-ún tó ń bọ̀, ẹ gbé àlàárì àti ẹtù yín jáde nínú àpótí, kí ẹ mú àwọn ọmọ lọ́wọ́, kí ẹ sì tètè dé. Tó bá fi máa di aago mẹ́wàá, ibi ìdúró tó dára ti máa ń kún.